Ẹlẹ́dẹ̀ Etí Odò àti Oko Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìgbà tí mo bá ń parí àdúrà òwúrọ̀ ni fóònù mi máa ń dún. N kì í wo ojú rẹ̀ kí n tó mọ ẹni tó ń pè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, láti oko. Kò ní kí mi. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Wọ́n ti tún wá." Èmi náà á bi í pé, "Apá ibo?" Òun á ní, "Ìsàlẹ̀," tàbí, "Wọ́n ti gun òkè dé ìdí igi òro." Ẹ̀yìn ìyẹn la máa ń tó rántí pé a ò tíì kí ara wa káàárọ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ là ń sọ. Kì í ṣe túùkú inú igbó o, ẹlẹ́dẹ̀ ilé ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tó wá láti ìhà Ẹfirè, ní Wọ́tásáìdì lápá òkun, ló ń sìn wọ́n nínú ọgbà kan létí odò, láàárín Àgọ́-Ìwòyè àti Òrù. Nígbà tí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ jà, tí púpọ̀ nínú wọn kú, ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn ọgbà sílẹ̀, ó sì padà sílé. N ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá ti ń sin òkú ẹran láràárọ̀, ó níbi tí ọkàn rẹ̀ máa ń já dé. Àwọn tí kò kú wọ inú àbàtà lọ. Wọ́n bí, àwọn ọmọ wọn náà bí. Irun ara wọn ki, imú wọn gùn, wọ́n di ẹran tí kò ní olówó. Ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n sì yàn láàyò.

Ilẹ̀ náà, ìyá wa ló fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi rán mi lọ sílé ìwé ti jáde. Ilé ìwé ìjọ ni mo lọ láti kékeré títí mo fi di tíṣà, mo sì fi iṣẹ́ náà jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ. Òun ló dúró ti ìyá wa lóko. Bí mo bá ń ka oore Ọlọ́run lórí ayé mi, mi ò lè kà á kọjá ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ yẹn. Nítorí náà, bó ṣe ń pè mí láràárọ̀ nítorí ẹlẹ́dẹ̀, mo máa ń gbé e.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ di ọ̀rọ̀ ńlá ni pé ilẹ̀ náà kò jìnnà sí yunifásítì mọ́. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti apá títì. Oníkọ́lé kan ti lọ rí olórí ẹbí wa, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wa. Nínú ẹbí wa, wọn kì í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń dáko lórí rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ tó bá ti di igbó, ẹbí ló ni ín padà, ẹbí sì lè fún ẹni tó wù ú. Bàbá pe ẹ̀gbọ́n mi sí ìpàdé, ó ní, "Wọ́n ní ilẹ̀ yẹn ti ń kú. Mò ń bọ̀ wá wò ó fúnra mi tí òjò bá ti dá. Tí mo bá bá oko níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kankan. Tí mo bá bá igbó, má bú mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ máa bá oko, Bàbá."

Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún nígbà tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tó ti ṣe kí n tó bá a dá sí i pọ̀. Ó so agolo mọ́ okùn yí ebè ká, kí ó máa dún tí wọ́n bá kàn án. Wọ́n gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì di orin létí wọn. Ó fi igi ṣe ère èèyàn láti dẹ́rù bà wọ́n, ó wọ̀ ọ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ẹlẹ́dẹ̀ fi ẹ̀yìn họ ara lára igi náà títí ó fi wó. Ó bẹ ọdẹ kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdẹ yìnbọn, ọ̀kan ṣubú, ìyókù tú ká. Inú wa dùn títí di ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí wọ́n padà gba ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọn kì í gbà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń sọ nínú àgbàlá mi tí ayálégbé mi fi gbọ́. Olùkọ́ ní yunifásítì ni, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹranko, Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ. Ó bọ́ sí ìta pẹ̀lú kẹ́tùrù àlùwàlá lọ́wọ́.

"Ẹ má tún pe ọdẹ mọ́, Màmá. Tí ẹ bá pa ọ̀kan, ẹ ti kọ́ ìyókù lọ́gbọ́n. Gbogbo wọn lẹ máa mú lẹ́ẹ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Nígbà tí mo mú un dé oko, ẹ̀gbọ́n mi wo fìlà rẹ̀, ó wo irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì, ẹ wá wo nǹkan! Alfa ló fẹ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń mú ẹlẹ́dẹ̀."

"Ìyá, ẹni tí kì í jẹ ẹ́ ló lè fi ara balẹ̀ mú un," ni ọkùnrin náà fèsì. "Ẹni tó ń jẹ ẹ́, ọbẹ̀ ló ń rò."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń pè é ní Alfa, bẹ́ẹ̀ Alfa kọ́ ni. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Alfa so kámẹ́rà kékeré kan mọ́ ara igi, irú èyí tó máa ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ tí nǹkan bá kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà á gbọ́, ó ń da eérú ààrò sí ojú ọ̀nà wọn lálẹ́ kó lè rí ipa ẹsẹ̀ wọn láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn méjèèjì ṣe ń ṣọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kan náà, tí wọ́n sì ń bára wọn jiyàn. Nígbà tí a kọ́kọ́ wo àwòrán inú kámẹ́rà lórí kọ̀ǹpútà Alfa, ewúrẹ́ la rí, a rí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n wá fi ìdí igi ṣe ibi ìfẹ́, a sì rí ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀, tó tẹ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Pa á rẹ́!" ló pariwo. "Pa á rẹ́ kíákíá!"

"Ìyá, ẹ̀rí iṣẹ́ ìwádìí ni."

"Ìwádìí bàbá ẹ."

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wá jáde nínú àwòrán, ojú wọn ń tàn nínú òkùnkùn. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn wọn pátápátá, abo ńlá kan wà tí etí rẹ̀ kan ti ya. Alfa fi ìka kàn án. Ó ní òun ni olórí wọn. Ibi tó bá lọ ni ìyókù ń lọ, ohun tó bá bẹ̀rù ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Bí a bá mú gbogbo ìyókù, tí òun nìkan ṣẹ́kù, kò tíì sí ohun tí a ṣe.

A ṣe ọgbà kan sí ẹ̀gbẹ́ àbàtà, a fi ọparun àti wáyà ṣe é. A gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ́ sókè, a sì so okùn mọ́ ọn, okùn náà gùn dé abà. Bí èèyàn bá fà á láti abà, ilẹ̀kùn á já lulẹ̀. A kò ní fà á kíákíá o. A óò máa kó èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti kan síbẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n máa wọlé, kí wọ́n máa jẹ, kí wọ́n máa jáde, títí ibẹ̀ á fi di ilé wọn. Alfa gé igi, ó fa wáyà, ó gbẹ́ kòtò, ọwọ́ rẹ̀ bó. Ohun tó bá ti kan ara ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni kì í fọwọ́ kàn.

"Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fa okùn yìí títí ìyá wọn á fi wọlé," ó sọ fún wa. "Ẹ jọ̀wọ́. Ìyá wọn."

Iṣẹ́ náà rẹni. N ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó kan máa ń rùn wọ aṣọ, ó ń rùn wọ inú irun. Mo ti bá ọlọ́kadà jà ní ẹnu géètì yunifásítì nítorí àpò èèpo náà. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń lọ lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ Ìsinmi, tí èmi àti Alfa máa ń lọ dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ń fún ọ̀tá rẹ̀ lóúnjẹ láràárọ̀, tó tún ń wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó ń tán lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nílò oore-ọ̀fẹ́. Mo dúpẹ́ pé a rí i gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láàárọ̀ mìíràn, díẹ̀ ló ń kù nínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wọlé. Wọ́n tún wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sùn níbẹ̀. Abo ńlá náà á dúró síta, á na imú sí afẹ́fẹ́, á sì padà.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ìjọ. "Ẹ wo Ìyá Ìjọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, kò fẹ́ wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìjọ wa máa gbọ́ o."

"Kó gbọ́. Ṣé òun náà máa ń tètè dé ni?"

Nígbà tó yá, abo náà ń ki orí bọ inú ọgbà. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ iwájú. Alfa ń wo àwòrán, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní kò ní pẹ́ mọ́. Ẹ̀gẹ́ tó wà lápá òkè ṣì dúró. Òjò ń lọ sópin. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láàárọ̀, ó sì kí mi.

Ìkórè ìjọ wa bọ́ sí àkókò náà. Alága ìkórè lọ́dún yẹn jẹ́ ọkùnrin gidi, ọmọ ìjọ láti ìkókó, ẹni tí iṣẹ́ ilé Ọlọ́run kì í sú. Ó gbọ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ ti ń wọ ọgbà lóko wa. Nínú ìjọ wa, ohun tó bá kọ́kọ́ ti oko jáde, ti Ọlọ́run ni. Àkọ́so nìyẹn. Àgbàdo tó bá kọ́kọ́ gbó, iṣu tó bá kọ́kọ́ ta, wọn kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án kí wọ́n tó gbé e wá síwájú pẹpẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi èyí ṣeré láyé rẹ̀. Alága sì ti dìde nínú ìjọ, ó ti kéde pé ẹbí wa ń gbé ẹlẹ́dẹ̀ bọ̀ fún ìkórè, gbogbo ìjọ ti pàtẹ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè, Alága fi mọ́tò gbé mi lọ sóko, òun àti àwọn ọkùnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ wọn. Alfa kò sí nílé, ó ń ṣọ́ ìdánwò. A bá ẹ̀gbọ́n mi nínú abà. Ó fi ìka sí ẹnu pé ká dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọgbà, wọ́n ń jẹ. Abo ńlá náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Orí rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ ti wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ wà níta.

Alága rọra ní, "Ẹ fà á."

"Kò tíì tó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ìyá, àwọn tó wà nínú ọgbà yẹn ti tó ìkórè."

"Kì í ṣe torí ìkórè la ṣe ṣe é. Ìyá wọn là ń dúró dè."

"Ẹ gbọ́, Ìyá mi." Kò bínú, ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni tó ń gbàdúrà fún aláìsàn. "Àkọ́so nìwọ̀nyí. Ohun tí Ọlọ́run kọ́kọ́ fi lé yín lọ́wọ́ nínú oko yìí nìyí. Ṣé ẹ fẹ́ kí àkọ́so Ọlọ́run máa dúró de ẹlẹ́dẹ̀ ni? Ẹ fi tiẹ̀ fún un, Òun fúnra rẹ̀ á mú èyí tó kù wọlé."

Ẹ̀gbọ́n mi wo okùn ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, òun náà ti fi kọ́ ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi. Èmi náà gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ọwọ́ rẹ̀ lára okùn. Alága ní, "Lórúkọ Jésù," ó sì fà á.

Kí ilẹ̀kùn tó balẹ̀, abo náà ti fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ inú ọgbà figbe ta, wọ́n ń forí gbá wáyà. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo okùn, mo sì lè sọ pé ó wo abà. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà sínú àbàtà, kò tilẹ̀ sáré.

Ní ọjọ́ kejì, igbe wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìwàásù mọ́lẹ̀. Wọ́n fi wọ́n ta gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bọ̀ wá dì mọ́ wa. Bàbá Ìjọ gbàdúrà fún wa pé oko wa kò ní parun. A ṣe àmín. Mo ṣe àmín náà tọkàntọkàn, n kì í ṣe àmín ẹ̀tàn.

Alfa jókòó sórí àtẹ̀gùn mi nígbà tí mo sọ fún un.

"Ìyá wọn ńkọ́?"

"Ó lọ."

"Ó rí i nígbà tí ilẹ̀kùn já?"

"Ó rí i."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Màmá. Ẹ ti fún un ní ìwé ẹ̀rí. Kò sí ọgbà tó máa wọ̀ mọ́." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí kò lókun mọ́. "Ẹ má bínú. Mi ò sọ̀rọ̀ sí ẹ̀sìn yín."

"Mo mọ̀," mo ní.

Abo náà kò wá fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà, ó kó àwọn mìíràn lẹ́yìn, àwọn tí a kò rí nínú àwòrán rí. Wọn kò yà sí ìdí ọgbà. Wọ́n gba ẹ̀yìn abà kọjá lọ tààrà sí apá òkè, wọ́n sì tú u, ebè kan tẹ̀lé èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ẹlẹ́mìí èṣù inú Bíbélì tí wọ́n máa ń wàásù nípa wọn, inú òkun ni wọ́n sá wọ̀. "Àwọn tiwa ò mọ̀nà òkun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ júwe Wọ́tásáìdì fún wọn." A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ṣe tán, a ò lè wo ojú ara wa.

Òjò dá. Bàbá olórí ẹbí wá bó ṣe sọ. Oníkọ́lé náà gbé e wá, ó sì dúró sínú mọ́tò nítorí bàtà rẹ̀. Ojú bàbá kò ríran jìnnà mọ́. Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀ wọlé, ó dúró, ó wo apá ìsàlẹ̀ lọ títí. Ilẹ̀ dúdú, ilẹ̀ tútù, tí wọ́n tú láti ìkángun dé ìkángun, kò sí koríko kan lórí rẹ̀. Ó mi orí.

"O ti kọ ilẹ̀ tuntun," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Gbogbo eléyìí? O kú iṣẹ́. Wọ́n purọ́ mọ́ ọ."

Kò ju kí ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ, bàbá á sì máa lọ. Mo ń wo ilẹ̀. Mo gbọ́ tí oníkọ́lé ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Èmi kọ́, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹlẹ́dẹ̀ ló tú u."

"Kí ló tú u?"

"Ẹlẹ́dẹ̀. Kò ku ẹ̀gẹ́ kankan nísàlẹ̀. Díẹ̀ ló dúró lókè níbí, ẹ lè kà á. Mo ní ẹ máa bá oko. Ohun tó kù nìyí."

Bàbá dákẹ́. Ó ní kó mú òun lọ wò ó. Wọ́n rìn yí i ká díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ń rì sínú ilẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ fi imú tú. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọgbà hàn án, ó fi okùn hàn án, ó fi ojú ọ̀nà tó da eérú sí hàn án, àti òkìtì èèpo tó ń rùn. Bàbá fi ọwọ́ di imú.

"Ìwọ lò ń kó eléyìí wá?"

"Èmi ni."

"Lójoojúmọ́?"

"Àfi ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá. Àbúrò mi àti ayálégbé rẹ̀ ló ń bá mi ṣe é lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ wa. Oníkọ́lé ti bọ́ sílẹ̀. Bàbá kò wò ó. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá wa sọ ọ́ lọ.

"Mi ò rí oko níbí. Ṣùgbọ́n mi ò rí igbó náà. Igbó ni wọ́n ní kí n wá gbà. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ la máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kò tíì fi í sílẹ̀." Ó yíjú sí oníkọ́lé. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ó di ìgbà tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá dá. N óò tún wá."

Nígbà tí ìró mọ́tò lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Mo ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A dúpẹ́. Àdúrà náà kò gùn. Lẹ́yìn àmín, ó ṣì di ojú rẹ̀.

"Ó yẹ kí inú mi dùn," ó ní.

"Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn. Ọlọ́run mọ̀ pé ó dùn. Ó rẹ̀ mí ni." Ó la ojú. "Nígbà tí Bàbá dákẹ́ yẹn, ohun kan nínú mi ń sọ pé kó gbà á. Kó gbà á lọ, kí n lọ sùn. Ọdún kan mìíràn ló tún fún mi yìí."

Mo jókòó tì í. Oòrùn ti mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fi ọwọ́ ti èjìká mi dìde, ó mú àdá, ó lọ síbi ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tó dúró lápá òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi wọn tí a óò tọ́jú fún gbígbìn. Ó ń gé e, mo ń dì í.